Ta Ni Fèrè Náà Ń Pè?

Ìwé atúmọ̀ èdè tí à ń lò ní kíláàsì wa kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì péré síwájú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "whistle". Ó kọ súfèé, ó kọ fèrè, ó sì kọjá sí ọ̀rọ̀ tó kàn. Kò purọ́. Ẹni tó fi ètè súfèé ṣe "whistle", ohun tí rẹfirí sì gbé kọ́ ọrùn náà ni "whistle". Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí dání, kó wá lọ ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì. Yóò bá olóṣèlú kan níbẹ̀ tí wọ́n ní ó ń fi fèrè ajá bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ajá nítòsí. Yóò bá òṣìṣẹ́ báǹkì kan tí wọ́n ní ó fọn fèrè, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ohùn kankan. Ibẹ̀ ni ìwé atúmọ̀ èdè yóò ti já a jù sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ń ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì, àti ohun tí a ń sọ ọ́ dà nígbà tí a bá gbé e wọ inú Yorùbá. Púpọ̀ nínú ìtumọ̀ tí à ń fún un kò léwu. Ọ̀kan léwu, mo sì máa dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohùn náà fúnra rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ fún ohùn tín-ín-rín tó ròkè. "Squeak" ni ti eku àti ti ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. "Squeal" ni ti ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dì mú àti ti búréèkì ọkọ̀. "Shriek" ni ti ẹni tí ẹ̀rù bà lójijì. Àwa náà kò kúkú ṣe aláìní: ènìyàn a máa han gooro, ọmọ adìẹ a sì máa ké ṣíoṣío. Ṣùgbọ́n "whistle" yàtọ̀ sí àwọn ará ilé rẹ̀ wọ̀nyí. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í jókòó rò ó kó tó ké. Ìlẹ̀kùn kò mọ̀ pé òun ń dún. Ní ti fèrè, ẹnìkan ló gbé e sẹ́nu, ó sì ní ẹni tó fẹ́ kó gbọ́. Mo mọ̀ pé kẹ́tùlù náà a máa "whistle" lórí iná, ṣùgbọ́n ènìyàn ló dá ihò sí kẹ́tùlù yẹn lẹ́nu kó lè pe ẹni tó gbé e kaná. Nítorí náà, gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti yọjú, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi í: ta ni fèrè náà ń pè?

Ọ̀rọ̀ náà ti dàgbà. Ó ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, fèrè tí à ń fọn gan-an ló sì ń tọ́ka sí nígbà náà. Ní 1883, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joseph Hudson ní ìlú Birmingham ṣe fèrè kékeré kan tí àwọn ọlọ́pàá London bẹ̀rẹ̀ sí í lò. Kó tó di ìgbà náà, ohun èlò onígi kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, tó sì máa ń pariwo, ni wọ́n fi ń ké sí ara wọn bí wọ́n bá rí olè. Fèrè fúyẹ́ ju igi lọ, ohùn rẹ̀ tó ròkè sì ń là á já láàárín ariwo kẹ̀kẹ́ àti ti ẹsẹ̀ ẹṣin. Ta ni fèrè ọlọ́pàá ń pè? Ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni: ẹ sáré wá, ọwọ́ mi nìkan kò ká a. Ti rẹfirí kò rí bẹ́ẹ̀. Òun kò pe ẹnikẹ́ni kó wá, ohun tó ń sọ fún gbogbo ènìyàn ni pé kí wọ́n dúró níbi tí wọ́n wà. Fèrè ọkọ̀ ojú irin wá ju méjèèjì lọ. Láti ìgbà tí ojú irin Èkó ti dé Ìbàdàn ní 1901, ohùn kan náà ló ń sọ fún ẹni tó ń rìn lójú irin pé kó kúrò níbẹ̀, òun náà ló sì ń sọ fún ẹni tó gbé ẹrù rẹ̀ dé ibùdókọ̀ pé kó sáré wọlé. Fèrè kan, etí méjì, iṣẹ́ méjì tó tako ara wọn.

Àwọn àkànlò èdè kan wà tí mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ní ẹnìkan rin fèrè rẹ̀, ọ̀fun ló ń sọ, ọtí ló sì fi rin ín. Bó bá ní nǹkan mọ́ bíi fèrè, àwa á ní ó mọ́ tónítóní, ọ̀rọ̀ tán. Bí ẹnìkan bá jẹ ọ́ lówó tí wọ́n sì ní kí o máa súfèé pe owó náà, a jẹ́ pé owó ti wọgbó nìyẹn. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ti ẹni tó ń súfèé nínú òkùnkùn. Gẹ̀ẹ́sì ní onítọ̀hún ń fi ìgboyà bo ẹ̀rù mọ́lẹ̀ ni. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ nílé tí ìtumọ̀ yẹn yóò wá sí lọ́kàn. Wọ́n ti sọ fún wa láti kékeré pé ejò ni súfèé alẹ́ ń pè wọlé. Ẹni tó bá ń súfèé nínú òkùnkùn nílé tiwa kò fi nǹkan kan bo ẹ̀rù mọ́lẹ̀, ìyá rẹ̀ ni kò sí nítòsí.

Súfèé fúnra rẹ̀ ní ohun kan nínú Yorùbá tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní, ó sì yà mí lẹ́nu pé wọn kì í kọ́ wa ní èyí nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ wa ní àmì ohùn. Èdè wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Súfèé kò lè pe kọ́ńsónáǹtì, kò sì lè pe fáwẹ́lì, ṣùgbọ́n ó lè gòkè, ó lè sọ̀ kalẹ̀. Igbá, ìgbà, igba àti igbà, lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi kọ gbogbo wọn, súfèé sì lè ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Ní àdúgbò wa, bí ẹnìkan bá dúró lójúde tó fi súfèé pe Kọ́lá, Túnjí náà á yíjú, torí òkè àti òkè ni ohùn orúkọ méjèèjì. Dàpọ̀ kò ní mira. Ìsàlẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀, ó mọ̀ pé òun kọ́ ni wọ́n ń pè. Olùkọ́ tó bá fi èyí kọ́ ọmọ JSS1 ní àmì ohùn, mo rò pé wọn yóò mọ̀ ọ́n kí aago tó lù.

Àwọn kan ti mú irú nǹkan báyìí lọ jìnnà ju tiwa lọ. Ní erékùṣù La Gomera, tó wà lábẹ́ ìjọba Sípéènì létí Áfíríkà, àwọn darandaran ń fi súfèé sọ odindi ọ̀rọ̀ láti orí òkè kan sí òkejì, kọjá àfonífojì tí ẹsẹ̀ yóò rìn fún wákàtí. Sílbo ni wọ́n ń pè é. Èdè Sípéènì kì í ṣe èdè olóhùn bíi tiwa, nítorí náà wọ́n ní láti wá bí súfèé yóò ṣe dúró fún fáwẹ́lì àti kọ́ńsónáǹtì, iṣẹ́ tó le gan-an. Láti 1999 ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ní 2009, UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ àwọn ogún àṣà tí kò gbọ́dọ̀ parun. Àwa tí èdè wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ súfèé láti ìbẹ̀rẹ̀, ariwo ni wọ́n ń pè é bí a bá ṣe é ní kíláàsì.

Ọ̀kan wà nínú ìlò ọ̀rọ̀ yìí tí mi ò fẹ́ràn rárá. Súfèé gígùn tí ọkùnrin ń sú sí ọmọbìnrin tó ń kọjá lọ ni. Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ ìkookò pè é, "wolf-whistle", ìwé atúmọ̀ èdè wọn sì túmọ̀ rẹ̀ bí ọ̀nà láti fi hàn pé ọmọbìnrin náà wu ọkùnrin náà. Mo ti gbọ́ ọ ní gáréèjì tí mo ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, pẹ̀lú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́rùn mi. Bí ẹ bá béèrè ìbéèrè mi lọ́wọ́ súfèé yẹn, ẹ ó rí i pé kò pe ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mọ̀ mí á pè mí ní orúkọ mi, ẹni tí kò mọ̀ mí á ní "ẹ jọ̀ọ́, arábìnrin". Nílé wa, ajá ni à ń fi súfèé pè. Mo fara mọ́ orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún un ju ìtumọ̀ tí ìwé wọn kọ sí i lọ, torí orúkọ yẹn kò fi ẹranko tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà pamọ́.

Níwọ̀n bí a ti wá dárúkọ ajá, ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1876, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Bìrìtìkó kan, Francis Galton, ṣe fèrè kan tí ohùn rẹ̀ lè ròkè débi pé etí ènìyàn kò ní gbọ́ ọ mọ́. Etí tiwa kì í sábà gbọ́ ohùn tó bá ti ju ìgbọ̀n 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti ajá sì lé ní 40,000. Ẹni tó bá fọn irú fèrè bẹ́ẹ̀ láàárín ọjà, ajá nìkan ni yóò gbé orí sókè. Láti ibẹ̀ ni àwọn oníròyìn ti mú "dog whistle" fún ọ̀rọ̀ olóṣèlú tó dà bí ọ̀rọ̀ lásán létí gbogbo ayé, ṣùgbọ́n tí àwọn kan gbọ́ ohun mìíràn nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, olóṣèlú lè máa sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dára ni létí àlejò. Ẹni tó mọ ìtàn ibẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀tọ́ yẹn ni àwọn kan dì mú nígbà tí wọn kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun jọ jókòó ní kíláàsì kan náà.

Báwo la ó ṣe pe èyí ní Yorùbá? Ẹnìkan lè fẹ́ mú òwe tó ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Èmi kò gbà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ wà fún bíbo ìtìjú ẹlòmíràn, ẹni tó sọ ọ́ kò sì ní sẹ́ ẹ bí wọ́n bá bi í. Ẹni tó fọn fèrè ajá ti múra láti sẹ́. Mo rò pé ẹnà ló sún mọ́ ọn jù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lójú ẹ kí ìwọ má baà gbọ́. Ohun tó tilẹ̀ wà níbẹ̀ ni pé Yorùbá ní fèrè ajá tiwa tipẹ́tipẹ́, òdìkejì ti Galton ni. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ajá nìkan ló ń gbọ́, ìyókù wa ti di adití. Nínú òwe wa, gbogbo igbó ló gbọ́, ajá nìkan ni kò gbọ́. Fèrè Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn kan jọ sí ìkọ̀kọ̀, fèrè ọdẹ ń pe ẹni tó ń ṣìnà padà kó má baà kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti ọdẹ yìí sọ́kàn, mo máa padà mú un.

Mo ti wá dé ibi tí mo ní ewu wà. Gẹ̀ẹ́sì ń pe òṣìṣẹ́ tó bá tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní "whistle-blower", ẹni tó fọn fèrè. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàdédé di ọ̀rọ̀ iyì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà kan, Ralph Nader, gbé e lárugẹ, torí pé àwọn orúkọ tó wà nílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò dára létí. Wọ́n ń sọ pé ó kọrin. Wọ́n ń sọ pé ó "squeal", bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ lọ́rùn. Ẹ wò ó dáadáa: ohùn tín-ín-rín ni méjèèjì, "squeal" àti "whistle", ẹnìkan náà ló sì lè jẹ́ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá "squeal", ìyà ló mú un sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ ló fẹ́ gbà là. Ẹni tó fọn fèrè, òun ló pinnu bíi rẹfirí. Ọ̀rọ̀ tuntun kan ló yí ènìyàn padà láti ẹlẹ́dẹ̀ sí onídàájọ́. Èyí ni mo fi gbà pé kíkọ ọ̀rọ̀ kan dípò òmíràn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéraga àwọn onímọ̀ èdè lásán.

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú agbára ní oṣù Kejìlá 2016, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìṣúná gbé ètò kan jáde. Ẹni tó bá tú àṣírí owó ìlú tí wọ́n jí, tí ìjọba sì rí owó náà gbà padà, yóò gba ìdá 2.5 sí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Bí owó náà bá jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà, ẹgbẹ̀rún 25 sí ẹgbẹ̀rún 50 ni tirẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2017, àjọ EFCC bá owó tó lé ní mílíọ̀nù 43 dọ́là nínú ilé kan ní Ìkòyí, wọ́n sì ní ẹnìkan ló ta wọ́n lólobó. Gbogbo rédíò ló ń sọ ọ́. Báwo ni wọ́n ṣe wá ń pe irú ẹni yìí ní Yorùbá? Mo ti gbọ́ afọnfèrè. Mo ti gbọ́ atanilólobó. Mo sì ti gbọ́ olófòófó, lẹ́nu àwọn àgbàlagbà tó ń jíròrò ìròyìn náà, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Olófòófó ni ọ̀rọ̀ tó léwu náà. Òfófó ni kí ènìyàn gbé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ kan lọ bá ọ̀rẹ́ kejì kó lè rí ojú rere, kí ilé méjì sì dàrú. Òwe wa bẹnu àtẹ́ lù ú: olófòófó kì í gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Mo mọ̀ pé ibí gan-an ni ẹ̀rín àwọn àgbà yẹn ti wá, torí ìjọba ti wá ṣèlérí pé olófòófó yóò gba ju ẹgbàá lọ. Àwàdà náà dùn. Ṣùgbọ́n ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé òfófó lohun tí onítọ̀hún ṣe, ìyẹn gan-an ló sì yẹ ká jiyàn lé lórí. Owó ìlú kì í ṣe àṣírí ọ̀rẹ́. Òwe mìíràn tí wọ́n tún ń mú sí i ni pé ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Òfòrò náà ní ohùn tín-ín-rín, òun ni "squealer" ti inú òwe wa. Àmọ́, kí ni òfòrò sọ tó fi kú? Ọmọ tirẹ̀ ló ń fọ́nnu lé lórí létí ọ̀nà. Kò tú àṣírí olè kankan. Ẹni tó fi òwe yìí pa ẹni tó rí olè lẹ́nu mọ́ ti gbé òwe síbi tí kò ti yẹ ẹ́. Èyí tó bá ọ̀rọ̀ mu wà nílẹ̀, a kì í sábà gbọ́ ọ nínú irú ìjíròrò yẹn: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Atanilólobó ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó mọ́ ni, Yorùbá gidi sì ni. Bí ènìyàn bá pe EFCC ní kọ̀rọ̀, ó ta wọ́n lólobó lóòótọ́, mi ò sì rí ohun tó burú nínú kí rédíò máa lò ó. Kìkì pé ìkẹ́lẹ́kẹ̀lẹ́ ni olobó. Etí ẹnìkan ni wọ́n ń ta á sí. Nígbà tí ẹnìkan bá dúró lójú gbogbo ayé, tó fi orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, tó ní oògùn tí iléeṣẹ́ òun ń tà ń pa ènìyàn, kò ta ẹnikẹ́ni lólobó. Ó ké gbàjarè ni. Yorùbá ti ní àyè fún ohùn yẹn tipẹ́. Ẹni tó rí olè lórí ògiri tó fi igbe ta, "Olè! Olè!", kò sí ẹni tó máa jí lórí oorun tó máa pè é ní olófòófó. Wọ́n á gbé àdá jáde ni.

Ní ti afọnfèrè, àwọn kan nínú kíláàsì wa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì tó wọ agbádá ni. Mo gbé e lọ bá ìyá àgbà nílé, mo ní, "Màmá, bí wọ́n bá ní ẹnìkan jẹ́ afọnfèrè níbi iṣẹ́ rẹ̀, kí lẹ rò pé ó ṣe?" Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Fèrè ta ni, ọmọ mi? Ti ààfin ni àbí ti ọdẹ?" Mo rò pé gbogbo àríwísí tí mo fẹ́ ṣe ti wà nínú ìbéèrè yẹn. Ẹni tó ń fọn fèrè láàfin, oríkì ọba ló ń fọn. Bó bá jẹ́ ti ibẹ̀ ni, afọnfèrè ti di òdìkejì ohun tí a fẹ́ sọ: ó di ẹni tó ń yin ọ̀gá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti ọdẹ ni, ìtumọ̀ náà kò jẹ gbèsè lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ọdẹ rí i pé ajá ń wọ inú igbó tí kò ní lè jáde mọ́, ó gbé fèrè sẹ́nu. Mo lè fara mọ́ afọnfèrè bí ẹni tó lò ó lórí rédíò bá kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ fèrè ọdẹ wá. Bí kò bá ní ráyè, kó fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Ìkòyí tàbí Àbújá. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo mọ̀ dáadáa, ọmọkùnrin kan wà ní JSS2 nígbà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan ń gba ọgọ́rùn-ún náírà lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ó ní owó ìgbálẹ̀ àti ọṣẹ ni. Wọ́n jẹ́ 34 ní kíláàsì. Ọmọ náà fi ìṣirò sí i: 3,400 náírà lọ́sẹ̀ kan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìgbálẹ̀ tí wọ́n sì ń lò ni èyí tí àwọn òbí wọn rà nígbà tí wọ́n wọlé. Ó kọ ọ́ sórí ìwé, ó gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní àkókò oúnjẹ. Owó náà dúró ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Láti ọjọ́ yẹn, "Òfófó" ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ lórí ìlà oúnjẹ, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù. Bó bá wọlé, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Àwọn tí ọgọ́rùn-ún náírà wọn kò lọ mọ́ ló ń pe orúkọ náà jù. Olùkọ́ kan tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀ lójú mi, gẹ́gẹ́ bí àwàdà.

Mo ti wá ọ̀rọ̀ tó yẹ ọmọ yẹn nínú gbogbo èyí tí mo ti kà sílẹ̀. Kò ta ẹnikẹ́ni lólobó, torí ojú ọ̀sán ló lọ, ó sì fi orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà. Kò ké gbàjarè, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀. Kò sì fọn fèrè kankan. Ó ka iye owó, ó gbé e lọ síwájú ẹni tó láṣẹ láti gbọ́ ọ. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan fún ohun tó ṣe, ọ̀rọ̀ tí kì í pariwo tí kì í sì í bú ènìyàn, ìyẹn náà ni wọ́n sì ń lò ní kóòtù ìbílẹ̀ àti lọ́dọ̀ baálé ilé. Ẹjọ́ ló lọ fi sùn.